Ilẹ̀ Ni Kí O Bi, Má Bi Ewé

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ sààrì tán ni. Ladani kò tíì pe ìrun òwúrọ̀ tí mo fi gbọ́ ìró okùn lẹ́nu kànga. Ìyá onílé ti ju ìfami sísàlẹ̀, ó ń dẹ okùn tẹ̀lé e, ó ń dẹ ẹ́, ó ń dẹ ẹ́, ó pẹ́ kí ó tó kan omi. Nígbà tó fà á jáde, kò ju ìdajì lọ, amọ̀ ìsàlẹ̀ sì ti mú un pọ́n díẹ̀. Ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, ó tún jù ú padà.

“Okùn tí mo fi ń pọnmi ní oṣù kẹwàá kò tó ìdajì èyí,” ó wí, kò wẹ̀yìn wò mí. “Nígbà tí ọyẹ́ dé ni mo so òmíràn mọ́ ọn.”

Oṣù kẹta ọdún 2025 nìyẹn, ní Ṣakí. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí omi kò ní kan ọ̀fun rẹ̀ mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀, òun ló ń fa omi fún ata. Ata 43 ló wà nínú àgbàlá rẹ̀, mo kà wọ́n. Rodo ló pọ̀ jù, ṣọ̀ǹbọ̀ tẹ̀lé e, tàtàṣé mẹ́fà péré. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó wà nílẹ̀: inú àpò ìrẹsì, àpò sìmẹ́ńtì, korobá ọ̀dà, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lọ́rùn àti báfù tí ìdí rẹ̀ ti fọ́ ni gbogbo wọn wà.

Mo ti Ìbàdàn wá nítorí pé ata méjìlá kú mọ́ mi lọ́wọ́. Rodo ni gbogbo wọn, inú àpò dúdú ni mo gbìn wọ́n sí lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ti ń tanná kí oṣù kejì tó wọlé. Omi kò wọ́n mi. Bí mo bá délé lọ́sàn-án tí mo rí i tí ewé wọn sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀, àánú wọn a ṣe mí, n ó bu omi, n ó dà á sí wọn nídìí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún sọ̀, n ó tún dà á. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ewé ti pọ́n, ó ń já. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ ti rà, ó ń rùn bí omi fùfú. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ṣakí gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, “Lọ bá ìyá mi. Omi tó o fi pa méjìlá, wọ́n á fi bọ́ ogójì.”

Ẹni tí kò bá dé Òkè-Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn rí kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tóbi tó. Òjò ibẹ̀ kò rí bíi ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Oǹdó. Nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá ló ń dáwọ́ dúró, kì í sì í padà dáadáa títí di oṣù kẹrin. Láàárín méjì, ọyẹ́ á fẹ́, á gbẹ ètè, á gbẹ awọ, á gbẹ koríko títí iná yóò fi rí i jó. Bí ọyẹ́ bá sì kúrò nílẹ̀ tán, ooru gan-an á wá gorí oyè. Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ náà. Òkè Àsabàrí tó dúró gbagidi ti ìlú jẹ́ ẹ̀rí. Iyẹ̀pẹ̀ tó bo àpáta yìí kò nípọn níbi púpọ̀, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀, omi kì í pẹ́ nínú rẹ̀. Odò Ògùn tó ń ṣàn lọ títí dé ọ̀sà l'Ékòó, ìtòsí Ṣakí ni orísun rẹ̀ wà, síbẹ̀ ẹni tó bá gbẹ́ kànga nígboro lè bá àpáta pàdé kó tó bá omi pàdé.

Nígbà òjò, oko ni ata ń gbé, òjò ló sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ata tí kò bá sí létí odò kò ní pẹ́ gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ìyá yìí fi ń kó tirẹ̀ wọ ilé, sẹ́bàá kànga. Ata ọbẹ̀ sààrì àti ti ìṣínu ilé náà, inú àpò wọ̀nyí ló ti ń wá, àwọn aládùúgbò a sì máa rà lára rẹ̀ nígbà tí rodo bá gbówó lórí lọ́jà.

Ilẹ̀ ti ń mọ́. Ìyá náà gbé bùtà, ó jókòó lórí àpótí, ó fa báfù kan síwájú, ó ń ṣe àlùwàlá. Omi tó fi wẹ ọwọ́, èyí tó fi wẹ ojú, èyí tó fi wẹ ẹsẹ̀, inú báfù ni gbogbo rẹ̀ ń kán sí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tẹ̀lé e, ọmọ-ọmọ méjì tẹ̀lé ìyẹn, orí báfù kan náà. Ènìyàn mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Bí ilẹ̀ bá fi máa ṣú, ohun tó wà nínú báfù náà kì í jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì kan. Mo bi í bóyá omi ìdáná náà ń lọ síbẹ̀. Ó ní omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà dára fún ata, ṣùgbọ́n omi ọṣẹ àti omi tó níyọ̀ kò gbọdọ̀ kàn án. Ó tẹnu mọ́ ti iyọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìrun, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbé abọ́ omi, mo ti ń lọ sídìí àpò àkọ́kọ́, ó sì dá mi dúró.

“Níbo lò ń gbé e lọ?”

“Mo fẹ́ bomi rin ín ni, Màmá.”

“Ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun?”

Mo wo ewé rẹ̀. Ewé náà dúró ṣánṣán nínú atẹ́gùn òwúrọ̀. Mo wo iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó funfun bí eérú. Mo ní ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ìyá náà ní kí n ki ìka bọ inú rẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Ìka mi wọlé, ó sì bá ilẹ̀ tútù pàdé, tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mo fà á jáde. Ó ní kí n lọ sí àpò kejì. Ojú iyẹ̀pẹ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n nínú èyí, gbígbẹ ni mo bá dé ìsàlẹ̀, gbúrúgbúrú, kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ìka.

“O rí i? Ojú wọn jọra, inú wọn kò jọra. Ilẹ̀ ni kí o bi, má bi ewé. Ewé a máa purọ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe lọ láti àpò dé àpò. Èyí tó bá wà nínú korobá, kò tilẹ̀ ki ìka bọ̀ ọ́. Ó kàn gbé e díẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni, bí aláta tó ń gbé igbá wò. Èyí tó bá fúyẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Èyí tó bá wúwo, a fi í sílẹ̀. Nínú ata 43, mọ́kànlá ni kò fún lómi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi kì bá ti fún gbogbo wọn. Mo ronú sí gbogbo àárọ̀ àti ọ̀sán tí mo fi ń da omi sórí ilẹ̀ tó ti yó.

Ohun tó ń jẹ́ kí ìtọ́jú ata inú àpò nira ju ti oko lọ kò ṣòroó lóye. Ata tó wà nílẹ̀ lè rán gbòǹgbò lọ síhìn-ín, lọ sọ́hùn-ún, bí òkè bá gbẹ, á wá omi lọ sísàlẹ̀. Ti inú àpò kò níbi tí yóò lọ. Ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tí a fún un ni gbogbo ayé rẹ̀. Oòrùn ń nà án lórí, ó tún ń nà án lára ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ti oko, orí nìkan ni oòrùn rí nà. Bí omi inú rẹ̀ bá tán, kò sí ibòmíràn. Bí omi bá sì pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ á tán, gbòǹgbò kò ní rí èémí mí, á rà. Ọ̀nà ikú méjèèjì yìí kò jìnnà síra wọn, àwòrán wọn sì jọra lójú ẹni tó bá ń wo ewé nìkan. Ibẹ̀ ni èmi ti ṣìnà.

Bí ó ṣe ń da omi náà yẹ ní wíwò. Kì í dà á gbàà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní abọ́ ike tó gba nǹkan bíi lítà kan. Ó da ìdajì rẹ̀ yí ìdí ata ká, ó fi í sílẹ̀, ó bọ́ sórí èyí tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn tó ti dé orí ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, á padà wá da ìdajì tó kù. Omi àkọ́kọ́ rọ ilẹ̀ náà, èkejì ló wọ inú rẹ̀. Ata ńlá tó ń so gba abọ́ méjì, kékeré gba ọ̀kan. Kì í kúrò nídìí ata títí yóò fi rí i tí omi ń kán láti ihò ìsàlẹ̀, tó, tó, tó. Ó ní bí omi kò bá dé ìsàlẹ̀, gbòǹgbò ìsàlẹ̀ á kú, ti òkè nìkan ló máa ṣẹ́kù, ti òkè yìí sì ni oòrùn ń pa kíákíá. Ó tún fi ìdí mìíràn hàn mí: korobá kan wà tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ti hù sí etí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń ta omi sí ìyẹn, tí kì í jáde nísàlẹ̀, iyọ̀ tó wà nínú omi kànga àti nínú ajílẹ̀ kò rọ́nà lọ, ó sì pé jọ síbẹ̀. Ewé ata náà ti jó létí.

Àpò kan kọ omi. Mo dà á, ó sì ṣàn jáde nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo rò pé ó ti yó. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n ki ìka bọ̀ ọ́. Ó gbẹ táútáú. Iyẹ̀pẹ̀ tó bá gbẹ kọjá ààlà a máa sún kì, á fà kúrò lára àpò, omi á gba àárín àpò àti iyẹ̀pẹ̀ kọjá láìfọwọ́ kan gbòǹgbò. A gbé àpò náà sínú báfù tí omi àlùwàlá wà, omi náà dé ìdajì rẹ̀ lára. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ jáde lójú iyẹ̀pẹ̀, pùtù, pùtù, bí ẹ̀kọ tó ń hó. Bí omi ṣe ń gòkè, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ eérú náà ń dúdú láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Nígbà tó dúdú tán, tí kò sọ mọ́, a gbé e jáde. Ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní láti bá mi gbé e.

Ohun tó wà lójú iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Èèpo ẹ̀pà ló dà sórí púpọ̀ nínú wọn, ó nípọn tó ìbú ìka mẹ́ta, kò sì jẹ́ kó kan ara igi ata. Àwọn tí èèpo ẹ̀pà kò kárí, pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n gún wẹ́wẹ́ ló fi bo tiwọn. Mo tún wo àwọn mọ́kànlá tí kò gba omi láàárọ̀: mẹ́jọ nínú wọn ló ní èèpo ẹ̀pà tó nípọn. Ilẹ̀ ààtàn tó ti jẹrà dáadáa, tí wọ́n fi asẹ́ sẹ́, ló pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ wọn, ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ díẹ̀, àti iyanrìn. Iyanrìn nìkan kò lè dá omi dúró. Ilẹ̀ amọ̀ nìkan á di bíríkì.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, fóònù mi ní ooru ti dé 37°C. Àgbàlá dákẹ́. Àwọn adìyẹ ti wọ abẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n yanu sílẹ̀. Mo jáde lọ wo ata, ọkàn mi sì bàjẹ́, nítorí gbogbo rodo tó dúró ṣánṣán láàárọ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀. Bí ti Ìbàdàn ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ mi ti ń wá abọ́.

“Jókòó,” ìyá náà wí láti orí ẹní rẹ̀.

“Màmá, wọ́n ti rọ.”

“Oòrùn ni wọ́n ń sá fún. Ìwọ náà, ṣé o dúró sínú oòrùn ni?”

Òótọ́ ni. Lásìkò yẹn, ewé ń tú omi sáfẹ́fẹ́ ju bí gbòǹgbò ti lè fà á wá lọ, bí iyẹ̀pẹ̀ tilẹ̀ tutù. Ewé á ká ara rẹ̀ kalẹ̀ kí oòrùn má baà rí i nà dáadáa. Kì í ṣe òùngbẹ. Ẹni tó bá bomi rin ín nígbà yẹn kò lè mú un dìde, àpọ̀jù omi ló ń fi kún ìdí rẹ̀. Mo jókòó. Mo ń wò wọ́n títí dé ìrun àsárì. Nígbà tí òjìji ògiri ìwọ̀-oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò wọ́n, mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi tí wọ́n ń gbé orí sókè lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí ẹ̀kán omi kan.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan kò dìde. Òun nìkan náà ló ti sọ̀ láti àárọ̀, n kò kà á sí nígbà yẹn. Ìyá náà ki ìka bọ̀ ọ́, ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Ó fà á tu. Mo mọ òórùn náà kó tó dé imú mi. “Èyí tó bá sọ̀ lọ́sàn-án, fi í sílẹ̀,” ó wí. “Èyí tó bá jí láàárọ̀ tó ṣì sọ̀, òun ni kí o bẹ̀rù fún. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá gbẹ, fún un lómi kíákíá. Bí ilẹ̀ rẹ̀ bá tutù, àìsàn ni.” Ó kó igi àti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ dà nù níbi tó jìnnà sí ààtàn tó ti ń bu ilẹ̀.

Lásìkò ooru yẹn kan náà ni mo fọwọ́ kan korobá dúdú kan tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. N kò lè fi ọwọ́ sí i fún ìgbà tí ènìyàn fi ń ka ení dé ẹ̀wá. Gbòǹgbò tó bá fara ti ẹ̀gbẹ́ korobá bẹ́ẹ̀, sísè ni wọ́n ń sè é. Ìyá náà ti mọ̀, àwọn tó kù nínú korobá dúdú ló ti fi àpò ìrẹsì funfun wé lára, ó sì kó wọn jọ fara kan ara wọn lẹ́bàá ògiri ilé tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń rí oòrùn àárọ̀ gbà, tí ilé sì ń ṣíji bò wọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n. Àwọn tó wà láàárín kò rí oòrùn lára rárá. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti ya ló ta sórí igi mẹ́rin fún tàtàṣé, nítorí pé òun ló jẹ́ ẹlẹgẹ́ jù. Bí ooru ọ̀sán bá ti ń kọjá 32°C, òdòdó tàtàṣé á bẹ̀rẹ̀ sí í já, omi yòówù kí a fún un. Rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ le díẹ̀ jù ú lọ. Mo ka òdòdó tàtàṣé mẹ́sàn-án nílẹ̀ lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà.

Tàtàṣé méjì ló wà nínú àmù tó ti sán. Ó gbé korobá wọn sínú rẹ̀, ó da iyanrìn sí àárín, ó sì ń fi omi àlùwàlá mú iyanrìn náà tutù. Omi tó ń gbẹ lára amọ̀ ń gbé ooru lọ, inú rẹ̀ á sì tutù. Mo rántí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá, tó fi irú ọgbọ́n yìí kan náà, ìkòkò nínú ìkòkò pẹ̀lú iyanrìn tútù láàárín, tọ́jú tòmátò àti ìgbá lọ́dọ̀ àwọn tí kò ní iná mànàmáná, tí wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ìyá yìí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ó já tàtàṣé kan, ó yí ìdí rẹ̀ sókè. Ojú ibẹ̀ ti dúdú, ó sì ti wọnú bí ìgbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti ra oògùn kòkòrò fún un lọ́dún méjì sẹ́yìn, owó náà wọgbó. Kòkòrò kọ́. Omi ló ń gbé calcium tó ń mú ara èso le láti inú ilẹ̀ lọ sínú èso. Bí a bá fún ata lómi lónìí, tí a gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, tí a wá rì í mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ìdí èso tó jìnnà jù kò ní rí tirẹ̀ gbà. Láti ìgbà tó ti ń bi ilẹ̀ láràárọ̀, ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí ló ń rí.

   

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méje lù, ìyá náà tún ki ìka bọ àwọn ata ńláńlá, àwọn tó ń so. Mẹ́sàn-án ló gba abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ rẹ̀ ti gbé dàbínù àti omi sórí àwo. Ladani pèrun. Ìyá náà da abọ́ tó gbẹ̀yìn sídìí rodo, ó dúró títí ó fi kán nísàlẹ̀, kí ó tó yọ dàbínù kan sẹ́nu. “A jọ ṣínu ni,” ó wí. Kẹ́ẹ̀gì oní lítà 25 mẹ́ta ni gbogbo ata náà mu lọ́jọ́ náà, ìdámẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ omi tí wọ́n ti lò.

Lọ́jọ́ kejì mo kọjá sí Ìṣẹ́yìn. Lójú ọ̀nà, láti Àgọ́-Àrẹ títí kọjá Òtù, pápá ti jó dúdú, igi èmí àti igi igbá nìkan ló dá dúró. Ọ̀dọ́kùnrin ahunṣọ kan ni mo lọ bá níbẹ̀, ó gbin ṣọ̀ǹbọ̀ ogún sẹ́bàá búkà tó ti ń hun òfì. Iṣẹ́ òfì kò gba kí ènìyàn máa dìde nígbà gbogbo, nítorí náà ó wá ọgbọ́n. Ó gbé garawa omi sórí bíríkì, ó fi òwú lọ́ okùn tó nípọn bí ìka ọmọdé, ó ri ìdí kan sínú omi, ó ri ìdí kejì mọ́ iyẹ̀pẹ̀ àpò. Òwú náà ń fa omi lọ fún ata díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ó ní òwú tó ń dán tí wọ́n ń kó wọ̀lú kò fà á dáadáa. Òwú ilẹ̀ wa gan-an, tí wọ́n fi ọwọ́ ran, ló mọ omi mu. Garawa kan ń bọ́ àpò mẹ́rin. Mo fi ọwọ́ kan ìdí okùn náà, ó tutù, ẹ̀kán kan sì dúró lórí rẹ̀, kò tíì já.

Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìkòkò amọ̀ kéékèèké ló rì sínú àwọn báfù, ọrùn wọn nìkan ló yọ. Ó ń rọ omi kún wọn lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ó ń dé wọn kí ẹ̀fọn má baà yé sí i. Amọ̀ tí wọn kò fi nǹkan kùn a máa jẹ́ kí omi sun gba ara rẹ̀ jáde: bí ilẹ̀ bá gbẹ, ó ń fà á, bí ilẹ̀ bá tutù, ìkòkò á dá a dúró. Àwọn ará Ṣáínà ti kọ ọ́ sínú ìwé oko wọn láti ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Ìkòkò yìí, tí àwọn ìyá wa ń mọ, tí àwa ń fi ike rọ́pò, ń bi ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Kò jìnnà sí ibi tí ọ̀dọ́kùnrin yìí ti ń ka ẹ̀kán omi ni ìdídò Ìkéré wà lórí Odò Ògùn, tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó lè gba omi tó tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Bíbomi rin oko wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. Ó dùn mí láti rí omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ tí ata rẹ̀ ń mu omi àlùwàlá. Mo bẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí omi náà dé oko kí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn tó dé.

Àpò rodo mẹ́ta ni ìyá Ṣakí dì fún mi, mo sì gbé wọn dé Ìbàdàn láìfara pa. Ìwọ tó o ní ata nínú àpò lẹ́yìn ilé tàbí lórí bákónì, jọ̀wọ́, lówùúrọ̀ ọ̀la, kí o tó gbé abọ́, ki ìka bọ inú ilẹ̀ rẹ̀ dé oríkèé kejì.